Àpótí Márùn-ún Tí Adérógbà Jó

Títílọlá kì í ṣe olófòófó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ ní láíbìrì á jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ tó fi ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti sọ ọ́, ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbàdúrà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún títí dòní. Ká ní ó jókòó ti àwọn tó ń ṣòfófó lẹ́nu géètì ni, ì bá mọ bí yóò ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Òjò ló kó òun àti Adérógbà pọ̀, ní Ìyànà Ìyẹsí ní Ọ̀tà, lọ́dún 2009. Nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lójú ọ̀nà Ìdírókò, tàbí kí wọ́n má fi ilé kan kún ilé nínú yunifásítì tí Títílọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì. Títí, bí wọ́n ṣe ń pè é, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ni, òjò dé, ó sá wọ abẹ́ bárákà àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ fákitírì, tó gbé páálí ńlá kan mọ́ àyà. Bárákà ń jò. Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo páálí, ló bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó fi bo páálí. Òun fúnra rẹ̀ wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, òjò ń kán sí i léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọmọ tuntun ló wà nínú ẹ̀ ni?" Títí ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun.

"Ọmọ tuntun tún sàn," ni ọkùnrin náà dá a lóhùn. "Tí òjò bá pa ọmọ, wọ́n á nù ún lára. Èyí, tó bá ti tutù pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Jámánì ló ti ń bọ̀."

"Kí wá ni?"

Ó lè sọ pé ẹrù ni, kó sì dákẹ́. Adérógbà kọ́! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òjò sì dá kó tó sọ ìdajì. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún kan wà ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un, ní nǹkan bí ọdún 1972, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ọmọ Ọyẹ́. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, gìtá tó ń ké tantan, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù méje, wọ́n tú ká, gbogbo ayé gbàgbé wọn. Àfi bí àwọn òyìnbó kan ṣe lọ tú téèpù àtijọ́ wọn jáde, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sínú àpótí olówó ńlá tirẹ̀: sídì mẹ́rin, ìwé àwòrán, àti àwọn orin tí kò jáde rí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, tó bá ti tán, ó tán. Ìkẹta ló gbé lọ́wọ́ yẹn.

"Wọ́n ti fọ gbogbo ariwo kúrò lára téèpù," ó ní, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ ó gbọ́ bí onígìtá ṣe mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀. Èémí yẹn ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

Títí wò ó. Kò rí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ báyìí rí. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni ń ka ìfilọ̀ ni wọ́n ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Ó yọ agboòrùn nínú báàgì rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ fi bo ọmọ yín délé. Ẹ dá a padà o."

"Níbo ni kí n dá a padà sí?"

"Láíbìrì. Ẹ béèrè Títílọlá."

Ọjọ́ kejì ló ti dé.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, tí Adérógbà bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní fákitírì tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì oníke, Títí á wọ ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ lọ bá a ní Ìjù, níbi tó háyà yàrá kan sí. Ọmọ ìjọ tòótọ́ ni Títí o. Ilẹ̀kùn kì í padé tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á sì so kọ́tìnnì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kí gbogbo ayálégbé lè máa rí wọn. Adérógbà á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, kó tó fọwọ́ kan àpótí kankan. Á gbé àga Títí sáàárín sípíkà méjèèjì, á ní kó má mira.

Ká sòótọ́, orin náà kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Gìtá ń han bí ẹ̀rọ ìlọta tí ata ti tán nínú ẹ̀.

"Adé, ṣé orin rèé?"

"Fara balẹ̀ ná."

"Mo ti fara balẹ̀. Orí ti ń fọ́ mi."

"Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ibi tí wọ́n ti máa dákẹ́ ń bọ̀ wàyí. Gbọ́ ọ."

Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, ó ń kùn ún láàárín àwọn ìwé ní láíbìrì. Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ bi í léèrè pé ṣé kọ́ọ̀sì tuntun ni, Títí fi ìwé bo ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í ṣe orin yẹn ló gbà á lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé orin ni. Adérógbà tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ, níbi tí èèyàn ò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, tó bá ti di Sátidé, ọ̀rọ̀ á máa ya lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn orin kan lọ́jọ́ kan ló ti sọ fún Títí pé awakọ̀ lọ́rì ni bàbá òun ní Ṣakí, kásẹ́ẹ̀tì Ọmọ Ọyẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọkọ̀ bàbá òun, tó máa ń bá a kọ lójú ọ̀nà.

"Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ta lọ́rì náà," ó ní. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ìta ìlú, kí n lè yọ kásẹ́ẹ̀tì. Wọn ò dúró. Mi ò ní fọ́tò bàbá mi kankan, Títí. Orin yìí nìkan ló kù tí mo fi ń rántí ohùn ẹ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n tún ń ṣe é jáde, mo ní gbogbo ẹ̀ ni mo máa ní, kò ní ku ẹyọ kan."

Ó yọ sídì kúrò nínú ẹ̀rọ. "Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún o. Ìsmáílà ọ̀rẹ́ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ yẹn ni Títílọlá pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun ò bá fẹ́ ọkùnrin yìí, òun ò ní fẹ́ ẹnì kankan mọ́.

Àmọ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá Títí, Díkónẹ́ẹ̀sì Lucy Fọláwẹwọ́, ní ojú tó ń rí kọjá ògiri. Opó ni, láti Ìkìrun ló ti kó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí Ọ̀tà nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń gbòòrò, òun ló sì ń ṣe ìyá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì. Ó ti ní ẹnìkan lọ́kàn: Ephraim, olùkọ́ físíìsì tó ń darí akọrin, tó máa ń kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

"Ẹni tó ń tẹ kẹ́ẹ̀gì," ni Mọ́mì wí, nígbà tí Títí sọ fún un. "Títílọlá. Mo jẹ gbogbo ìyà tí mo jẹ, o wá lọ mú ẹni tó ń tẹ kẹ́ẹ̀gì."

"Mọ́mì, wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá lórí ẹ̀rọ mẹ́ta."

"Ọ̀gá ẹ̀rọ! Ṣé ẹ̀rọ ló máa wá bá wa ṣe ìdána? Ìjọ wo ló ń lọ?"

"Onítẹ̀bọmi ni, mà."

"Lójoojúmọ́ àbí lọ́dọọdún?"

Títí sunkún dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jà. Àwọn méjì péré ni wọ́n jọ wà láyé, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ṣègbéyàwó tí inú ìyá rẹ̀ ò dùn.

Ìsmáílà ló gba iṣẹ́ alárinà. Òun àti Adérógbà jọ ń ṣiṣẹ́ ni, Ìlo-Awẹ́là ló ń gbé pẹ̀lú Làtífátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ tó dáa, wọ́n gbé èso dání, wọ́n wá kí Díkónẹ́ẹ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan.

"Mọ́mì," ni Ìsmáílà wí, lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó fi nà tán pátápátá, "Mùsùlùmí ni mí. Ẹ ò lè sọ pé nítorí ìjọ yín ni mo ṣe ń parọ́. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Adérógbà ti jọ wà. Kì í mu ọtí. Kì í wo obìnrin. Ìgbà tí ìyàwó mi bímọ tí mi ò sí nílé, òun ló gbé e lọ sọ́sípítù. Tí mo bá ní àbúrò obìnrin, ẹ ò ní rí Adérógbà fẹ́ báyìí, ǹ bá ti so ó mọ́lẹ̀ nílé wa."

Mọ́mì ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n ní tipátipá. Làtífátù náà fi tirẹ̀ kún un, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn, ó ní, "Ó dáa. Kó wá máa bá wa jọ́sìn. Kí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní kò burú, èmi náà á ní kò burú."

Títí gbé ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ báyìí. Ká ní ó pa ẹnu mọ́ fún oṣù kan péré ni.

Ìbẹ̀rù ni ò jẹ́. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ wọn ò rọrùn. Wọ́n máa ń lọ sílé ọkọ ìyàwó láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wo ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n á bi àwọn ará ilé léèrè ìwà rẹ̀. Wọ́n ti tú ìfẹ́sọ́nà mẹ́rin ká lọ́dún yẹn nìkan. Oorun dá lójú Títí. Ló bá lọ bá Àǹtí Bíọ́lá, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn ọ̀dọ́bìnrin, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Wẹ́sidé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi Bọ̀dá Adérógbà sínú àdúrà."

Wọ́n kúnlẹ̀. Àǹtí Bíọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lórí kí ni?"

"Kí gbogbo ẹ̀ kàn yọrí sí rere, mà."

"Rárá o, sísítà mi. A kì í gbàdúrà wúruwùru níbí. Dárúkọ ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù lára ẹ̀, ká lè dojú àdúrà kọ ọ́. Kò sí ọkùnrin tí kò ní tiẹ̀. Ṣé ó ń bínú ni?"

"Rárá, mà."

"Ahun ni?"

"Rárá, mà."

"Ó ń purọ́?"

Títí ronú. Ó wá àléébù kan lára Adérógbà, kò rí. Ó sì ń tì í lójú pé òun ò ní nǹkan tí òun á gbé síwájú Ọlọ́run. Ohun kan ṣoṣo tó sún mọ́ àléébù ló sọ.

"Ó ní orin ayé kan tó fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ, mà. Ó ń kó o jọ sínú àpótí, ìkan nínú ẹ̀ sì ní àwòrán ẹyẹ tó ní orí èèyàn."

Ọwọ́ Àǹtí Bíọ́lá le mọ́ tirẹ̀. "Jésù," ó ní.

Àdúrà náà ò pẹ́ tó fi rìn kiri o. Ọjọ́ Wẹ́sidé ló sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Adérógbà ní Ìjù, Alàgbà Amos ló ṣíwájú, Àǹtí Bíọ́lá tẹ̀ lé e, Díkónẹ́ẹ̀sì náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí Títí máa bọ̀. Wọn ò wo bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò wo ìkòkò. Alàgbà Amos rìn tààrà lọ síbi pákó tí àpótí wà lórí ẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n ti di nígbà náà. Ó fa ìkẹta yọ.

"Ẹyẹ wo lẹ mọ̀, Bọ̀dá, tó ní orí èèyàn?"

"Àwòrán ni, sà," Adérógbà dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tó yà á ṣì wà láyé. Ó ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

"A ò wá kàwé. Arábìnrin wa ti gbé ọ̀rọ̀ yín wá sínú àdúrà. Ó mọ̀ pé ìdè ni, òun ló ní ká gbà yín sílẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Adérógbà. Ó wo Títí. Kò bínú, ì bá sàn kó tiẹ̀ bínú. Ńṣe ló ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó wá ń gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n.

Alàgbà Amos gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí ó kó gbogbo ẹ̀ wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n jó o. Bí kò bá jó o, kò sí ìgbéyàwó. Díkónẹ́ẹ̀sì ní òun fara mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Títí dúró sẹ́yìn.

"Adé, mo kàn ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà ni."

"Lórí kí ni? Ṣé àìsàn ń ṣe mí ni?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ṣé o sọ ti bàbá mi fún wọn?"

"Háà, rárá! Mi ò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé èmi nìkan lo sọ ọ́ fún."

Adérógbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Èyí tí ìbá gbà mí sílẹ̀ lo wá bò mọ́lẹ̀," ó ní. "Èyí tó máa pa mí lo sọ."

Títí sunkún, ó ní òun á lọ ṣàlàyé fún wọn. Adérógbà ní kó fi sílẹ̀, òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé bàbá òun náà sínú àdúrà.

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Dúrọ́ọ̀mù irin kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń jó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èèyàn bí ogójì ló dúró yí i ká pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. Adérógbà gbé àpótí márààrún wá nínú páálí. Pásítọ̀ wọn, èèyàn jẹ́jẹ́, ní, "Bọ̀dá, a kì í fipá mú ẹnikẹ́ni níbí. Tinútinú ni o."

"Mo gbọ́, sà." Ó yíjú sí Títí. "Ìwọ ni mo fẹ́ bi, kì í ṣe àwọn. Títí, ṣé kí n jó wọn?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn. Títí mọ ohun tí Adérógbà ń béèrè, ẹ má rò pé kò mọ̀. Kò ní kí ó gba òun sílẹ̀. Ó fẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé òun mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn, bí wọ́n tiẹ̀ máa padà jó o. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́fun rẹ̀. Ó rò ó pé tí òun bá sọ ọ́, ìgbéyàwó lè bọ́. Tí òun bá gbé e mì, òun á ti ní gbogbo ọjọ́ ayé òun láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ òun.

"Jó wọn," ó ní.

Adérógbà jó wọn. Kò jù wọ́n síbẹ̀ pọ̀. Ó mú ìkíní, ó fi sínú iná, ó dúró títí ó fi jó tán, ó wá mú ìkejì. Àwọn kan ń kọrin ìṣẹ́gun. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wà lára búláòsì Títí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lóṣù kejì tó tẹ̀ lé e, ó sì dára. Díkónẹ́ẹ̀sì jó títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ta ni yóò wá sọ pé Adérógbà ò ṣe ọkọ? Kò sẹ́ni tó láyà. Ó di ọ́ṣà tó ń mú èèyàn jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́ ilé yàrá mẹ́ta sí Ìjù. Nígbà tí Títí bí Ọmọ́túndé, òun ló ń dìde gbé ọmọ. Ìyá Títí tó pè é ní ẹni tó ń tẹ kẹ́ẹ̀gì ló wá ń sọ kiri pé, "Ọmọ tí Ọlọ́run fi san mí lẹ́san opó nìyẹn."

Àmọ́ ó dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń bá Títí yan odì, rárá. Tó bá bi í, á dáhùn. "Ó dáa." "Mo ti gbọ́." "Ẹ ṣe é, ọbẹ̀ yìí dùn." Títí ò gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ohun tó bá ń dùn ún, ohun tó bá ń dùn mọ́ ọn, kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kẹta, Títí kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá wọn.

"Bàbá Ọmọ́túndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Lórí kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn? Ó ti tán, jàre. Ẹ dìde ńlẹ̀." Ó fà á dìde pẹ̀lú sùúrù, ó sì padà sídìí aṣọ ọ́ṣà tó ń lọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ní ó ti tán?

Nígbà tó wá yá, ó tún le sí i. Títí á bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, kò ní dáhùn rárá. Á pè é lẹ́ẹ̀kan, á pè é lẹ́ẹ̀mejì, Adérógbà á kàn máa jẹun lọ. Títí á palẹ̀ àwo mọ́. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyà tó tọ́ sí òun ti ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 2022, tí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní fákitírì wọn fi pàdé rẹ̀ nílé ìwé àwọn ọmọ.

"Ìyá Ọmọ́túndé, ọkọ tiyín ti ń sinmi dáadáa ní Sátidé báyìí?"

"Ìsinmi kẹ̀? Ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Wọn ò tan ẹ̀rọ kankan ní Sátidé láti ọdún tó kọjá, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n jù."

Títí rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá òun ló ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó délé. Obìnrin ni. Kí tún ni? Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, ó níbi tó ń sọ ọ́ sí. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ fún Àǹtí Bíọ́lá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí Adérógbà ṣe wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, Títí kó àwọn ọmọ ti aládùúgbò, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa tẹ̀ lé ọkọ̀ tí Adérógbà wọ̀.

Ìlo-Awẹ́là ni wọ́n já sí. Adérógbà wọ ilé kan. Títí mọ ilé náà. Ilé Ìsmáílà ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rò ó pé ṣé Ìsmáílà ló ń bá a gbé obìnrin náà pamọ́ ni. Kò pẹ́, gìtá ké láti ojú fèrèsé. Títí mọ orin náà, òun ló ń kùn ní láíbìrì láyé ọjọ́un.

Làtífátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí i, ó dìde kíá.

"Ìyá Ọmọ́túndé." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀," ni Títí dáhùn.

"Ó ti tún gbogbo ẹ̀ rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tiwọn, láti ọdún tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Ìkeje wọlé lóṣù tó kọjá, ó ti pé. Ṣé kí n pè é?"

"Ẹ má pè é."

Títí sún mọ́ fèrèsé. Àpótí méje tò sórí pákó. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, Ìsmáílà fẹ̀yìn ti ògiri níwájú rẹ̀. Adérógbà ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń sọ ti ọ̀gá wọn tuntun, ó ń sín in jẹ, Ìsmáílà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Títí ò mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀gá tuntun. Lẹ́yìn náà ni orin tán, tí Adérógbà dìde láti yí i padà, tó sì yí sípíkà kan sí apá òsì ara rẹ̀.

"Èwo lo tún ń yí?" Ìsmáílà bi í. "Ṣé etí yẹn kò tíì yá ni?"

"Kò ní yá. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀tún ti kú pátápátá. Òsì ló kù tí mo fi ń gbọ́ wọn."

"O ti sọ fún ìyàwó ẹ?"

"Kí n sọ ọ́ fún un ká lè kó mi lọ síwájú àwọn aládùúrà?" Adérógbà rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìbínú nínú ẹ̀rín náà rárá. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Gbọ́ orin."

Títí fi ọwọ́ bo ẹnu. Apá ọ̀tún Adérógbà ni àga òun wà nídìí tábìlì, láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Gbogbo ìgbà tó ń pè é tí kò dáhùn, tó ń gbà á bí ìyà, kò gbọ́ ọ ni. Ọkùnrin tí etí rẹ̀ ń kú lọ, tó jẹ́ pé etí yẹn ló fi ń rí bàbá rẹ̀, òun tó ń sùn tì í ò mọ̀.

"Ẹ wọlé," Làtífátù bẹ̀ ẹ́. "Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kó parí."

Ó wu Títí. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù ú. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá ti fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn, Adérógbà á dìde, á ní "Ẹ káàbọ̀," á sì dákẹ́. Ibì kan ṣoṣo tó kù tí ọkọ òun ti ń sọ̀rọ̀, òun ò ní bá a tú u ká.

"Ẹ má sọ fún un pé mo wá," ó ní. "Làtífátù, mo fi ọmọ bẹ̀ yín."

Ó délé, ó dáná. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Adérógbà wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó fọwọ́, ó jókòó sídìí oúnjẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Títí wí.

"Ẹ ṣé. Iṣẹ́ pọ̀ lónìí."

Títí gbé àwo tirẹ̀ kúrò níbi tó máa ń wà. Ó fa àga, ó yí tábìlì po, ó lọ jókòó sí apá òsì ọkọ rẹ̀. Adérógbà dá òkèlè dúró lọ́wọ́, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n jẹun.